Ọ̀dọ́-Àgùntàn Tálákà Náà: Ẹran Inú Ilé, Ohun-Ìní Ni Tàbí Ará Ilé?

Ẹ̀KỌ́ FÚN ÀGBÀ ÀTI Ọ̀DỌ́

Ibi kíkà: II Sámúẹ́lì 12:1-7, Ẹ́kísódù 20:8-17, 22:1.

Ẹsẹ àkọ́sórí: Òwe 12:10.

Ète ẹ̀kọ́ yìí: Kí olúkúlùkù wa lè mọ ohun tí Ọlọ́run ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ẹran wà ní ìkáwọ́ rẹ̀, pàápàá ẹran tí ń bá wa gbé nínú ilé.

Kíkà ojoojúmọ́: Ajé, Gẹ́nẹ́sísì 2:18-20. Ìṣẹ́gun, Gẹ́nẹ́sísì 9:1-10. Ọjọ́rú, Ẹ́kísódù 21:28-36. Ọjọ́bọ̀, Diutarónómì 22:1-7. Ẹtì, Jónà 4. Àbámẹ́ta, I Kọ́ríńtì 10:23-33.

Ọ̀RỌ̀ ÌṢÁÁJÚ

Ẹ̀yin ará, mo mọ̀ pé bí ẹ ti ń ka àkọlé ẹ̀kọ́ yìí, àwọn kan nínú yín ti ń rẹ́rìn-ín. Ẹlòmíràn yóò wí pé, kí ló kan ajá àti ológbò nínú ọ̀rọ̀ ìhìnrere? Ní Oǹdó pàápàá, bí a bá dárúkọ ajá níbi tí ènìyàn mẹ́ta bá jókòó sí, ọ̀kan nínú wọn yóò béèrè ata. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹ̀rín náà pẹ́ lẹ́nu yín. Nígbà tí Ọlọ́run fẹ́ fi ẹ̀ṣẹ̀ ńlá tí Dáfídì dá hàn án, kò rán wòlíì láti lọ ka òfin sí ọba létí. Ìtàn ẹran ilé kan ṣoṣo ni ó fi rán an.

Ẹ jẹ́ kí a fojú inú wo ọ̀ràn kan. Ká wí pé opó kan wà nínú ìjọ wa ní ìlú Oǹdó. Ọkọ rẹ̀ ti sùn nínú Olúwa, àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní Àkúrẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ ìjọba, ilé sì dá. Ajá kan ṣoṣo ni ó ń bá ìyá gbé. Láti kékeré ni ó ti tọ́ ọ, ọdún keje sì nìyí. Ẹnu ọ̀nà yàrá ìyá ni ajá náà ń sùn. Bí ìyá bá ń lọ sí ìpàdé àdúrà ní ìrọ̀lẹ́, yóò sìn ín dé ẹnu ọ̀nà ilé ìsìn, yóò sì dúró dè é títí a ó fi ṣe oore-ọ̀fẹ́. Nígbà tí ọdún Ògún kù sí dẹ̀dẹ̀, ajá di àwátì. Ní ọjọ́ kẹta wọ́n rí okùn ọrùn rẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé aládùúgbò kan. Ọkùnrin náà kò sẹ́. Ó mú owó jáde, ó ní, "Màmá, èló ni ẹ rà á? Ẹ gba ìlọ́po méjì rẹ̀, kí ẹ fi ra òmíràn." Ìyá kò gba owó náà, ẹkún ni ó ń sun. Àwọn ará àdúgbò ní àgbà ti ń sọ ìyá di ọmọdé: nítorí ajá lásán? Wọ́n wá ránṣẹ́ pe àwọn díákónì kí wọ́n wá parí ọ̀rọ̀ náà. Bí ó bá jẹ́ ìwọ ni ọ̀kan nínú àwọn díákónì wọ̀nyí, kí ni ìwọ yóò wí?

Ẹ fi ọ̀ràn yìí sọ́kàn bí a ti ń ṣí Bíbélì wa.

ÌTÀN TÍ NÁTÁNÌ SỌ

Ẹ ka II Sámúẹ́lì 12, láti ẹsẹ 1 dé 6, kí ẹ sì fara balẹ̀ kà á. Olówó kan wà tí agbo ẹran rẹ̀ kò lóǹkà. Tálákà kan sì wà tí kò ní ju abo ọ̀dọ́-àgùntàn kékeré kan lọ. Ẹ ṣàkíyèsí pé rírà ni tálákà yìí ra ẹran náà. Bí a bá bi í ní ilé ẹjọ́, yóò lè sọ iye tí ó san. Ohun-ìní rẹ̀ ni ní tòótọ́, Bíbélì kò sì fi bò. Ṣùgbọ́n Nátánì kò dúró síbẹ̀. Ó sọ bí ẹran náà ti dàgbà láàrin àwọn ọmọ ọkùnrin náà, bí ó ti ń jẹ nínú oúnjẹ rẹ̀, bí ó ti ń mu nínú ago rẹ̀, àti ibi tí ó ń sùn sí. Ó wá sọ ọ́ ní gbangba pé ẹran yìí ti dà bí ọmọbìnrin lójú ẹni tí ó ni ín.

Àlejò dé bá olówó. Kò fẹ́ fi ọwọ́ kan agbo tirẹ̀, ó lọ mú ti tálákà, ó pa á, ó sì sè é. Bóyá olówó yìí wí nínú ọkàn rẹ̀ pé, "Àgùntàn ni, àgùntàn ni gbogbo wọn. Màá san án padà lọ́la." Bí ó bá wí bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ aládùúgbò opó wa gan-an ni ó sọ. Ẹran kan náà ni àwọn méjèèjì ń wò. Ọ̀kan rí ìkòkò ọbẹ̀, èkejì rí ọmọ.

Inú Dáfídì ru nígbà tí ó gbọ́. Kí ẹ rántí irú ẹni tí ó jẹ́. Darandaran ni kí ó tó di ọba. Ní I Sámúẹ́lì 17:34 àti 35, òun fúnra rẹ̀ ni ó sọ fún Sọ́ọ̀lù bí òun ti lépa kìnnìún àti béárì nítorí ọ̀dọ́-àgùntàn kan ṣoṣo nínú agbo bàbá òun. Ẹni tí ó ti fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wewu nítorí ẹran kan mọ ohun tí Nátánì ń sọ.

Ẹ wá wo ìdájọ́ rẹ̀ dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni kókó ẹ̀kọ́ yìí wà. Ìdájọ́ méjì ni Dáfídì dá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó ní ikú tọ́ sí ọkùnrin náà. Ó tún ní kí ó san àgùntàn mẹ́rin dípò ẹyọ kan. Inú ìwé òfin ni mẹ́rin yìí ti wá: Ẹ́kísódù 22:1 wí pé ẹni tí ó bá jí àgùntàn, tí ó sì pa á tàbí tí ó tà á, mẹ́rin ni yóò san, bí ó bá jẹ́ màlúù, márùn-ún. (Sákéù náà mọ òfin yìí, ẹ wo Lúùkù 19:8.) Ṣùgbọ́n kò sí ibi kankan nínú òfin Mósè tí a ti ní kí a pa olè àgùntàn. Ọkàn Dáfídì fúnra rẹ̀ ni ìdájọ́ èkínní ti wá. N kò wí pé kí a máa pa ènìyàn nítorí ẹran; ìbínú ọba kọjá òfin níbẹ̀. Síbẹ̀ ẹ wo ìdí tí ó fi sọ bẹ́ẹ̀ ní ẹsẹ 6: ọkùnrin náà kò ní àánú. Àgùntàn mẹ́rin lè san gbèsè àgùntàn kan. Èló ni a ó fi san gbèsè àìláàánú? Òfin kò dárúkọ iye rẹ̀.

ÌLÀ MÉJÌ NÍNÚ ÒFIN MẸ́WÀÁ

Bí a bá ní kí a ṣe ìwádìí bóyá ohun-ìní ni ẹran tàbí ará ilé, a kò ní láti rìn jìnnà. Ẹ ṣí Ẹ́kísódù 20. Ní òfin kẹrin, tí ó jẹ́ ti ọjọ́ ìsinmi, Ọlọ́run ka àwọn ará ilé tí kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ náà: baálé, ọmọkùnrin, ọmọbìnrin, ìránṣẹ́kùnrin, ìránṣẹ́bìnrin, ẹran ọ̀sìn, àti àlejò. Ẹ rí i pé ẹran wà láàrin. Kò fi í sí ìdí ilé pẹ̀lú ọkọ́ àti àdá. Ọkọ́ kì í rẹ̀. Ẹran a máa rẹ̀. Ẹ́kísódù 23:12 tilẹ̀ sọ pé ìsinmi màlúù àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ wà lára ìdí tí a fi dá ọjọ́ náà sílẹ̀.

Ní òfin kẹwàá ẹ̀wẹ̀, Ọlọ́run ka ohun tí í ṣe ti ọmọnìkejì wa tí a kò gbọdọ̀ ṣe ojúkòkòrò sí, màlúù àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ sì tún wà níbẹ̀. Orí kan náà ni, òkè kan náà ni, Ọlọ́run kan náà ni. Nínú ìlà kan ẹran jẹ́ ara agbo ilé, nínú ìlà kejì ẹran jẹ́ ti ẹnìkan. Ẹni tí ó bá di ìlà kan mú tí ó jọ̀wọ́ èkejì, ìdajì òfin ni ó ń kà. (Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un fún àwọn ọkọ: ìyàwó náà wà nínú ìlà kejì yìí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ohun tí a bá kà sí ti ẹnìkan ti di igi àti òkúta.)

OHUN TÍ ÒFIN ILẸ̀ WÍ

Bí ìyá opó yẹn bá gba ilé ẹjọ́ lọ ní Oǹdó tàbí ní Àkúrẹ́ tí í ṣe olú-ìlú ìpínlẹ̀ wa láti ọdún 1976, kí ni òfin yóò wí? Òfin yóò gbọ́ tirẹ̀. Nínú ìwé òfin ọ̀daràn tí a ń lò ní ìhà gúúsù Nàìjíríà, ẹran tí a ti sọ di ẹran ilé, tí ó sì ní ẹni tí ó ni ín, jẹ́ ohun tí a lè jí. Nítorí náà olè ni ẹni tí ó gbé e. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí a jí rédíò rẹ̀ gbé ni òfin ń wo ìyá: dúkìá rẹ̀ sọnù, dúkìá sì ní iye. Ti ọdún méje tí wọ́n jọ gbé, òfin kò ní àwo òṣùwọ̀n tí yóò gbé e lé.

Ohun kan tún wà. Abala 495 nínú ìwé òfin yẹn lòdì sí ìwà ìkà sí ẹran. Ó dárúkọ lílu ẹran ní ìlù ìkà, fífi ẹsẹ̀ ta á, dídi ẹrù tí ó ju agbára rẹ̀ lọ lé e, àti dídá a lóró. Ìjìyà rẹ̀ ni ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà tàbí owó ìtanràn 50 náírà, tàbí méjèèjì. Àádọ́ta náírà! Owó náà kò tó ra ẹyin kan mọ́. Síbẹ̀ ẹ mọ èyí: òfin yìí kò dá ẹni tí ó ni ẹran sí. Kò sí ẹni tí ó lè máa lu ajá rẹ̀ ní ìlù ìkà kí ó sì wí pé, "Ajá mi ni, owó mi ni mo fi rà á." A kì í fi rédíò jẹ́jọ́ pé a lù ú. Èyí fi hàn pé àwọn tí ó kọ òfin náà pàápàá mọ̀ pé dúkìá yìí yàtọ̀ sí dúkìá yòókù.

Bí tọkọtaya bá sì túká ní ilé ẹjọ́, òfin ìgbéyàwó ti ọdún 1970 sọ bí a ó ti ṣe ti ọmọ àti bí a ó ti ṣe ti ohun-ìní. Kò dárúkọ ajá tàbí ológbò.

Ní àwọn ilẹ̀ mìíràn, àwọn aṣòfin ti ń bá ọ̀rọ̀ yìí jìjàkadì. Ní ọdún 1990 Jámánì kọ ọ́ sínú òfin rẹ̀ pé ẹran kì í ṣe ohun lásán, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin ohun-ìní ni wọ́n ṣì ń lò fún un níbi tí kò bá sí òfin mìíràn. Ní Alaska láti ọdún 2017, àti ní California láti ọdún 2019, adájọ́ tí ń tú ìgbéyàwó ká lè wo bí ìtọ́jú ẹran inú ilé yóò ti rí kí ó tó sọ ẹni tí yóò mú un lọ. Spain ṣe irú rẹ̀. Òfin tiwọn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 2022.

Èyí tí ó súnmọ́ ọ̀ràn opó wa jù lọ ni ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ń gbé. Ní ọdún 2024 wọ́n ṣe òfin pàtàkì kan fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti àríwá Ireland lórí ẹni tí ó bá gbé ajá tàbí ológbò onílé lọ. Ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lè tó ọdún márùn-ún. Kí ìgbà yẹn tó dé, òfin olè jíjà gbogbogbòò ni wọ́n ń lò, bí ìgbà tí a jí kẹ̀kẹ́. Wọ́n wá rí i pé olè ajá ń gbé ohun kan lọ kúrò nínú ilé tí iye owó ajá kò lè sọ. Nígbà tí mo gbọ́ ọ, Nátánì ni mo rántí. Ó ti sọ ọ́ níwájú ọba kan ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún kí a tó bí Olúwa wa.

Ní tèmi, n kò rò pé ó yẹ kí òfin ilẹ̀ wa sọ ajá di ọmọ ènìyàn. Nátánì náà kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní ó *dà bí* ọmọbìnrin, ọ̀rọ̀ kékeré yẹn sì wúwo. Ènìyàn nìkan ni a dá ní àwòrán Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí òfin tí ń sọ pé ìwà ìkà kò dára ní ìjìyà tí olùṣe rẹ̀ yóò mọ̀ ọ́n lára, ó sì yẹ kí adájọ́ lè béèrè ohun tí ó ju "Èló ni ẹ rà á?" lọ.

KÍ NI ÀWỌN DÍÁKÓNÌ YÓÒ WÍ?

Kí a padà sí Oǹdó. Bí mo bá wà láàrin àwọn díákónì wọ̀nyẹn, ohun àkọ́kọ́ tí n ó sọ ni pé kí a pe ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní orúkọ rẹ̀. Olè jíjà ni. Kì í ṣe àwàdà ọdún, kì í ṣe àṣà ìlú. Ìlú kan kì í ní àṣà jíjí ẹran opó. Èkejì, ìlọ́po méjì tí ọkùnrin náà mú wá kò tó. Ẹ́kísódù béèrè mẹ́rin lọ́wọ́ ẹni tí ó ti pa ẹran náà. Ẹ̀kẹta, kí ó má ṣe fi owó rán ọmọdé. Kí ó wá fúnra rẹ̀, kí ó dọ̀bálẹ̀, kí ó bẹ ìyá. Owó ni fún ohun-ìní, ẹ̀bẹ̀ ni fún ará ilé. Bí ó bá san ọ̀kan láìṣe èkejì, kò tíì parí ọ̀rọ̀ náà níwájú Ọlọ́run.

A ó sì ní ọ̀rọ̀ fún ìyá pẹ̀lú. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ẹkún rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, kí a jókòó tì í bí a ti ń jókòó ti ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkùnrin náà bá bẹ̀bẹ̀ tọkàntọkàn, kí ìyá má ṣe fi ajá rẹ̀ gé e ní ègún. Ẹni tí a ti dárí jì ni òun náà.

AJÁ, ÒGÚN, ÀTI ÌKÒKÒ ỌBẸ̀

Ará Oǹdó kan yóò wí pé, "Olùkọ́, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí n jẹ ẹran ajá?" Ìbéèrè tòótọ́ ni, kí a má ṣe sá fún un. Gẹ́nẹ́sísì 9:3 fi ohun tí ń rìn fún Nóà àti àwọn ọmọ rẹ̀ ní oúnjẹ, Pọ́ọ̀lù sì kọ̀ láti fi àjàgà oúnjẹ bọ ọrùn ẹnikẹ́ni. N kò ní gbé òfin tí Olúwa kò gbé kalẹ̀ karí yín. Ẹran tí àwọn kan ń fi ṣe àwàdà pè ní 404, jíjẹ rẹ̀ kọ́ ni ìdíwọ́ sí ọ̀run.

Ṣùgbọ́n kí ẹni tí ó fẹ́ jẹ ẹ́ béèrè ibi tí ó ti wá. Ìwé Mímọ́ kò fi ẹran olè fún Nóà. Bí ẹni tí ń tà á bá ń tà á ní òru, tí kò sì lè sọ ilé tí ó ti rà á, ẹ̀rí ọkàn rẹ yóò ti dá ọ lóhùn kí o tó béèrè. Kí ó sì béèrè bóyá a fi rúbọ. Gbogbo wa mọ̀ pé ajá ni ẹran tí a fi ń bọ Ògún. Àwọn alágbẹ̀dẹ, àwọn ọdẹ, àwọn awakọ̀ àti àwọn tí ń tún ọkọ̀ ṣe ní ń ṣe ọdún náà jù. Awakọ̀ tí ó ti ṣe ìrìbọmi, kí ni ìwọ ń wá lọ́wọ́ ẹ̀jẹ̀ ajá lójú ọ̀nà Àkúrẹ́? Ẹ ka Hébérù 10:10 sí 14. Ẹbọ kan ti rú, kò sí ìyókù. Bí ẹnikẹ́ni bá sì sọ fún ọ pé ti òrìṣà ni ẹran tó wà nínú àwo, I Kọ́ríńtì 10:28 ti sọ ohun tí ìwọ yóò ṣe.

Ó kù ọ̀kan, èyí tí a kì í sábà béèrè: báwo ni a ṣe pa á? Láti di ajá láàyè sínú àpò kí a máa fi kùmọ̀ lù ú títí yóò fi dákẹ́, tàbí láti dì í mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà ní ìdorí-kodò nínú oòrùn, kò sí ẹsẹ kan nínú Bíbélì tí ó fi àṣẹ èyí fún ọmọ Ádámù. Ọlọ́run kan náà tí ó ní kí Nóà jẹ ẹran ni ó bá Nóà *àti gbogbo ẹ̀dá alààyè tí ó wà pẹ̀lú rẹ̀* dá májẹ̀mú ní orí kan náà, ní ẹsẹ 9 àti 10. Ẹ wò ó fúnra yín. Ẹran tí a fún ọ láti jẹ, ẹnìkejì nínú májẹ̀mú ni pẹ̀lú.

Àwọn baba wa mọ díẹ̀ nínú èyí. Wọn kì í pe ajá wọn ní ajá lásán. Wọ́n a sọ ọ́ ní orúkọ tí ó jẹ́ òwe, bí Tanímọ̀la, kí wọ́n lè máa fi orúkọ náà ba aládùúgbò wí nígbàkúgbà tí wọ́n bá ń pe ajá jẹun! A kì í sọ àga lórúkọ. Ọdẹ tí ó bá dé láti inú igbó kò ní jẹ láìjẹ́ pé ajá rẹ̀ jẹ. Ọ̀rọ̀ tí Sólómọ́nì lò ní Òwe 12:10 ní èdè Hébérù ni *mọ̀*: olódodo mọ ohun tí ẹran rẹ̀ ń fẹ́. Ó mọ ìgbà tí ebi ń pa á, ó mọ ìgbà tí ara rẹ̀ kò yá, bí ìyá ti ń mọ̀ kí ọmọ tó sọ̀rọ̀.

ÌKÌLỌ̀ FÚN ÀWỌN TÍ Ó NÍ LỌ́WỌ́

Bí a ti bá ará Oǹdó wí, kí a kọjá sí Àkúrẹ́, sí àwọn ilé olódi tó wà ní Ìjàpọ̀, níbi tí a ti ń kọ ọ́ sára géètì pé kí ènìyàn ṣọ́ra fún ajá. Ẹ̀ṣẹ̀ ibẹ̀ kì í ṣe ti ìkòkò ọbẹ̀. Ilé mìíràn wà tí ajá ti ń jẹ ẹran láàárọ̀, tí ọmọ tí a mú wá láti abúlé láti máa gbálẹ̀ sì ń mu gààrí láìsí ẹ̀pà. Bí ajá bá ṣàìsàn a ó pe dókítà ẹranko. Bí ọmọ náà bá ní ibà a ó ní kí ó lọ sùn díẹ̀. Èyí kì í ṣe ìfẹ́ ẹran. Ìgbéraga ni, a kàn so okùn mọ́ ọn lọ́rùn.

Jésù Olúwa wa kò fi ẹran gba ipò ènìyàn rí. Ní Mátíù 10:29 sí 31, Baba rí ológoṣẹ́ tí ó ṣubú, ṣùgbọ́n ènìyàn níye lórí ju ọ̀pọ̀ ológoṣẹ́ lọ. Nínú ọ̀rọ̀ òun àti obìnrin ará Kénáánì ní Mátíù 15, ajá wà lábẹ́ tábìlì, àwọn ọmọ wà ní ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó pé *lábẹ́ tábìlì* ni, ìyẹn ni pé inú ilé ni. Kò sí lórí àga ọmọ, kò sì sí ní ààtàn. Ní Lúùkù 16, nígbà tí Lásárù dùbúlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà olówó, àwọn ajá ni ó wá sí ìdí egbò rẹ̀. Ó yẹ kí ojú ti baálé ilé yẹn pé ajá ṣe àlejò ju òun lọ.

ÌTỌ́JÚ ẸNI TÍ Ó WÀ NÍNÚ ILÉ

Ẹni tí ó bá wí pé ajá òun jẹ́ ará ilé, kí ó tọ́jú rẹ̀ bí ará ilé. Ó ṣe ni láàánú pé àwọn kan nínú wa yóò sunkún nítorí ajá tí ó kú, ṣùgbọ́n wọn kò gbé e lọ gba abẹ́rẹ́ rí. Àrùn dìgbòlugi wà láàrin wa. Nínú itọ́ ajá tí ó ní àrùn náà ni ó wà. Bí ó bá bu ènìyàn jẹ, tàbí tí itọ́ rẹ̀ kan egbò, ó lè ran ènìyàn. Nígbà tí àmì rẹ̀ bá ti hàn lára ènìyàn, ó ṣọ̀wọ́n gidigidi kí ẹnikẹ́ni tó yè é. Àwọn ọmọdé ni ó sì ń bọ́ sí ọwọ́ rẹ̀ jù, nítorí pé àwọn ni wọ́n ń bá ajá ṣeré. Ẹni tí ń pa ajá tà náà wà nínú ewu. Ó lè kó o láti ara ẹran tí ó ń pa.

Ọ̀nà àbáyọ wà. Láti ọdún 1885 tí Louis Pasteur ti ilẹ̀ Faransé ti kọ́kọ́ fún ọmọdékùnrin kan tí ajá bù jẹ ní abẹ́rẹ́, ikú yìí kì í ṣe dandan mọ́. Kí a gbé ajá àti ológbò lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ní àkókò tí dókítà ẹranko bá dá. Bí ajá bá bu ènìyàn jẹ, kí a fi ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn fọ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí a sì lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an. Kí a má ṣe fi epo àti ata pa á. Kí a má ṣe dúró wo bóyá yóò sàn.

Mósè mọ̀ nípa èyí pẹ̀lú. Ní Ẹ́kísódù 21:28 àti 29, bí màlúù tí kò kan ènìyàn rí bá kan ènìyàn pa, olúwa rẹ̀ bọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti ń kàn tẹ́lẹ̀, tí a ti kìlọ̀ fún olúwa rẹ̀, tí kò sì so ó mọ́lẹ̀, ẹ̀jẹ̀ náà wà lórí ẹni tí ó ni ín. Ẹni tí ń jẹ èrè ẹran ni yóò ru ẹ̀bi rẹ̀. Àwa kì í ṣe onílé, ìríjú ni wá. Ti Olúwa ni ẹran orí òkè gbogbo, gẹ́gẹ́ bí Sáàmù 50:10 ti fi yé wa. Ajá tí ń rìn kiri ní ọjà láìgba abẹ́rẹ́ ń jẹ́rìí sí irú ìríjú tí ó wà nínú ilé tí ó ti jáde.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ìdájọ́ tí Dáfídì dá àti ohun tí Ẹ́kísódù 22:1 béèrè? Èwo nínú méjèèjì ni Nátánì ń wá?

2. Ẹ ka Númérì 22:28 sí 30. Kí ni kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ náà rán Báláámù létí nípa ọdún tí wọ́n ti jọ wà? Ǹjẹ́ Báláámù rí èsì fọ̀?

3. Àwọn ọmọkùnrin R.A. kan ń sọ òkúta lu ajá tí ó wọ inú ọgbà ilé ìsìn. Ta ni ó yẹ kí ó bá wọn wí, kí ni yóò sì fi kọ́ wọn yàtọ̀ sí pàṣán?

4. Arákùnrin kan nínú ìjọ ń ta ajá fún àwọn tí ń bọ Ògún. Ó ní òun kì í bọ ọ́, òun kàn ń tà ni. Kí ni ẹ̀yin yóò sọ fún un?

5. Nínú ilé rẹ, ta ni ó ń jẹun kẹ́yìn: ọmọ ọ̀dọ̀, tàbí ajá? Ìgbà wo sì ni ẹnikẹ́ni ti gbé ajá náà lọ gba abẹ́rẹ́ gbẹ̀yìn?